Ìtọ̀ màmá ti dínkù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan: ṣé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà kò ṣiṣẹ́ mọ́ ni?

ỌmọẸlẹ́ja:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Torí màmá mi ni mo ṣe wá. Ẹni ọdún 63 ni wọ́n, Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbí ni wọ́n ti ń ta ẹja. Amlodipine 10 mg ni wọ́n ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìfúnpá wọn kò kúrò ní bíi 160/95. Dókítà wá fi ìdajì hóró Moduretic, oògùn amúnitọ̀ (èyí tó ń mú kí èèyàn tọ̀ dáadáa), kún un, kí wọ́n máa lò ó láràárọ̀.

Ohun mẹ́ta ló ta kókó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ sọ́jà, wọn kì í lò ó, torí ilé ìtọ̀ jìnnà sí ìsọ̀ wọn, wọn kò sì lè fi ẹja sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ìkejì, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ìtọ̀ pọ̀ gan-an. Ní báyìí kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́, wọ́n sì ní ara àwọn ti mọ oògùn náà, kò lágbára kankan mọ́. Ìkẹta, kókósẹ̀ wọn ń wú nírọ̀lẹ́. Aládùúgbò kan ní kí wọ́n fi Lasix 40 mg, amúnitọ̀ mìíràn, rọ́pò Moduretic torí pé Lasix ló ń fa omi jù. Wọ́n ti rà á, wọn kò tíì lò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa oògùn, kí ni ìtọ̀ ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru gan-an? Ṣé kí wọ́n pààrọ̀ ni?

Apòògùn_Àdúgbò:

Ẹ káàbọ̀. Ẹ bá mi bẹ màmá, kí wọ́n má tíì fọwọ́ kan Lasix yẹn.

Orí iyọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Omi kàn ń tẹ̀ lé e ni. Lójúmọ́, kíndìnrín wa méjèèjì ń sẹ́ nǹkan bíi 180 lítà omi láti inú ẹ̀jẹ̀, tòun ti iyọ̀ inú rẹ̀, síbẹ̀ lítà kan ààbọ̀ sí méjì péré là ń tọ̀. Ìyókù, àwọn òpó tín-ín-rín inú kíndìnrín ló ń fà á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Iyọ̀ ni wọ́n ń fà, omi á sì bá a lọ. Màmá tó ń ta ẹja mọ èyí ju èmi lọ: ẹja tí wọ́n bá fi iyọ̀ pa, ṣe ni omi ara rẹ̀ ń tú jáde tọ iyọ̀ náà lọ.

Bí iyọ̀ bá pọ̀ lára, omi inú ẹ̀jẹ̀ náà á pọ̀, ọkàn á máa ti ohun tó pọ̀ jù gba inú iṣan tí kò fẹ̀ sí i, ìfúnpá á sì lọ sókè. Oògùn amúnitọ̀ ń dí ọ̀nà tí iyọ̀ ń gbà padà. Iyọ̀ tí kò rí ọ̀nà padà á bá ìtọ̀ jáde, á sì mú omi dání.

Ibi tí oògùn kọ̀ọ̀kan ti ń dí ọ̀nà náà ló mú kí Moduretic yàtọ̀ sí Lasix. Ìbẹ̀rẹ̀ òpó náà ń fa nǹkan bíi ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún iyọ̀ padà. Apá tó rọ̀ wá sísàlẹ̀ tó tún yí padà sókè ń fa bíi 25. Apá tó tẹ̀ lé ìyẹn ń fa 5 sí 7, ìparí rẹ̀ ló sì ń ṣa èyí tó kù. Lasix, ìyẹn furosemide, apá tó ń fa 25 ló ń dí, nítorí náà ìtọ̀ rẹ̀ á ya wàrà. Hydrochlorothiazide tó wà nínú Moduretic, apá kékeré tó tẹ̀ lé e ló ń dí. Ẹni tó bá wo ìtọ̀ nìkan á sọ pé Lasix ló lágbára jù. Fún ìfúnpá, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín bíi wákàtí mẹ́fà, iṣẹ́ Lasix ti parí, kíndìnrín á sì fi wákàtí méjìdínlógún tó kù kó iyọ̀ tó pàdánù padà, pàápàá bí ọbẹ̀ alẹ́ bá níyọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a lè má rí èrè kankan. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fẹ́ ni oògùn tó rọra ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di àárọ̀.

Ní ti ìtọ̀ tó dínkù, bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé bí ọ̀sẹ̀ kan, iyọ̀ tó ti kó jọ sára ló ń jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ara á rí ìdúró tuntun: iye iyọ̀ tó ń wọlé lójúmọ́ náà ló ń jáde, ìtọ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bó ti wà. Ṣùgbọ́n ìfúnpá kò ní padà sókè, torí bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ fúnra wọn á dẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí a tó lè sọ pé a ti rí gbogbo agbára oògùn náà. Iye ìtọ̀ kọ́ la fi ń mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá la fi ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá wo ohun tí fífò oògùn ń fà. Lọ́jọ́ tí màmá kò bá lò ó, iyọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ. Bí wọ́n bá padà sí i, ara á tún da gbogbo rẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan, ìtọ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn á tún yọjú. Ohun tí wọ́n ń sá fún lọ́jà, fífò yẹn gan-an ló ń mú un padà wá.

Nọ́ọ̀sìKẹ́hìndé:

Apòògùn ti sọ̀rọ̀ dé ojú abẹ níkòó. Ti ọjà ni kí n fọwọ́ bà.

Aago ni kí ẹ yí, kì í ṣe oògùn. Hydrochlorothiazide máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín wákàtí méjì, ó máa ń le jù ní bíi wákàtí mẹ́rin, ìtọ̀ rẹ̀ sì lè máa bá a lọ fún wákàtí mẹ́fà sí méjìlá. Bí màmá bá lò ó ní aago mẹ́fà àárọ̀, aago mẹ́wàá ló máa le jù, nígbà tí àwọn oníbàárà bá kún ìsọ̀. Bí wọ́n bá ń dé ilé ní aago mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí wọ́n lò ó bí wọ́n bá ṣe wọlé. Kí wọ́n tó sùn, èyí tó le jù níbẹ̀ ti kọjá. Aago kan náà ni kí wọ́n máa lò ó lójoojúmọ́, ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ ìsinmi.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí kò bá ti jẹ́ òwúrọ̀, oògùn kò ní ṣiṣẹ́. Ìwádìí TIME tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2022, wo èèyàn tó lé ní 21,000 tó ń lo oògùn ìfúnpá. Àwọn kan ń lò ó láàárọ̀, àwọn kan nírọ̀lẹ́, kò sì sí ìyàtọ̀ nínú bí àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ṣe kọ lù wọ́n. Ìdí kan ṣoṣo tí a fi ń sọ pé ẹ lo amúnitọ̀ láàárọ̀ ni kí oorun má bàa já, kí àgbàlagbà má baà máa táràrà lọ sí ilé ìtọ̀ nínú òkùnkùn kó sì ṣubú.

Bí wọ́n bá gbàgbé, tí wọ́n sì rántí kí alẹ́ tó lẹ́, kí wọ́n lò ó. Bí ó bá ti di ọjọ́ kejì, kí wọ́n fi ti àná sílẹ̀. Ẹ má lo méjì pọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, kí màmá tọ̀ kí wọ́n tó wọn ìfúnpá wọn. Ìtọ̀ tí èèyàn ń mú mọ́ra máa ń gbé ìfúnpá sókè. Mo fura pé àwọn alájà kan ń gbé 160 kiri torí pé láti orí ìsọ̀ ni wọ́n ti gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n lọ, pẹ̀lú ìtọ̀ nínú àpò, wọn ò sì jókòó sinmi. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn kó fara ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì kó wà nílẹ̀ láìfi ọ̀kan kọ́ ọ̀kan, apá kó wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan àyà, ẹnu kó dákẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n dìde, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ já wálẹ̀, ẹ sọ fún dókítà. Ó lè jẹ́ pé oògùn ti fẹ́ pọ̀ jù fún wọn.

Ajísafẹ́:

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀, Lasix ni mo ń rí tí wọ́n ń fún àwọn èèyàn fún ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọ̀pọ̀ ibi, láti Àgbádárìgì títí dé Ìkòròdú. Kò wọ́n, ó sì ń já ìfúnpá wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kí ló burú níbẹ̀?

Dókítà_Ìdílé:

Ẹ ṣeun tí ẹ bi wá, torí bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò ó nìyẹn. Lasix kì í ṣe oògùn búburú. Bí ọkàn ẹnì kan bá ti rẹ̀, tí omi kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, Lasix lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Bí kíndìnrín bá ti bàjẹ́ púpọ̀, òun náà la sábà máa ń yàn, torí agbára hydrochlorothiazide máa ń dínkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kíndìnrín àti ọkàn rẹ̀ dá ṣáṣá, tí ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ń yọ lẹ́nu, Lasix kọ́ ló yẹ ẹ́. Kíá tó ń já ìfúnpá wálẹ̀ yẹn kì í ṣe àǹfààní. Ohun tí a ń wá ni kí ìfúnpá wà nílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, kí rọpárọsẹ̀ má wáyé. Àwọn amúnitọ̀ tí a mọ̀ pé wọ́n ń ṣe èyí dáadáa ni chlorthalidone, indapamide àti hydrochlorothiazide. Ìwádìí ALLHAT ní Amẹ́ríkà, 2002, èèyàn tó lé ní 33,000 ló wà nínú rẹ̀. Amlodipine àti lisinopril, oògùn ìfúnpá mìíràn, kò borí chlorthalidone níbẹ̀ lórí dídènà ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ sì pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń lo lisinopril ju àwọn tó ń lo chlorthalidone lọ.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni CREOLE, èsì 2019, tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Amlodipine pẹ̀lú hydrochlorothiazide wà lára àdàlù méjì tó já ìfúnpá wálẹ̀ jù. Àdàlù tí wọ́n fún màmá yín gan-an nìyẹn. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí kókósẹ̀. Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ amlodipine ló fà á, pàápàá 10 mg. Oògùn yẹn ń tú àwọn iṣan kéékèèké tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọkàn, kò sì tú àwọn tó ń gbé e padà bákan náà. Ẹ̀jẹ̀ á máa rọ́ wọlé, kò ní tètè jáde, agbára á pọ̀ nínú àwọn iṣan tó tín-ín-rín jù tó wà láàárín, omi á sì máa jò sínú ẹran ara. Ẹni tó bá dúró tàbí tó fi ẹsẹ̀ sísàlẹ̀ jókòó látàárọ̀, kókósẹ̀ ni omi yẹn á rọ̀ sí. Kì í ṣe pé omi pọ̀ jù lára. Ibi tí kò yẹ kó wà ló lọ. Bí ẹ bá fi Lasix lé e, inú ẹ̀jẹ̀ ni Lasix á ti fa omi tiẹ̀, kókósẹ̀ á ṣì wú, òòyì á sì tún kọ́ màmá. Oògùn kejì tí a fi ń lé wàhálà tí oògùn àkọ́kọ́ dá sílẹ̀, bí àpò oògùn àwọn àgbàlagbà wa ṣe ń kún nìyẹn, ó sì máa ń dùn mí.

Ohun tó máa ń ṣiṣẹ́ ni kí dókítà dín amlodipine kù sí 5 mg, torí bí ìwọ̀n bá ṣe pọ̀ tó ni wíwú ṣe ń pọ̀ tó. Ó sì lè fi oògùn bíi losartan tàbí lisinopril kún un, torí wọ́n máa ń tú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ẹ rán an létí pé Moduretic ni màmá ń lò. Ìdí rẹ̀ wà lórí pọ̀tásíọ̀mù, apòògùn á ṣàlàyé rẹ̀. Kí màmá gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí nígbàkígbà tí wọ́n bá jókòó.

Wíwú kan wà tí kì í ṣe ti amlodipine. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó ń ro tó sì gbóná, bí ojú bá wú láàárọ̀ tí ìtọ̀ sì ń hó tí ìhó náà kò lọ, tàbí bí mímí bá ṣòro nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà.

ỌmọẸlẹ́ja:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ọkàn mi balẹ̀. Mo ti gba Lasix lọ́wọ́ wọn. Ìbéèrè mi tó kù: wọ́n ní kí ẹni tó ń lo oògùn yìí máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ púpọ̀, kó sì máa mu omi àgbọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Màmá tún máa ń lo oògùn fún orúnkún tó ń ro wọ́n, wọ́n sì máa ń gba ààwẹ̀ Rámàdàn.

Apòògùn_Àdúgbò:

Orúkọ oògùn náà la máa wò kí a tó dáhùn ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí hydrochlorothiazide bá dí ọ̀nà, iyọ̀ tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ á dé ìparí òpó kíndìnrín. Ibẹ̀ ni kíndìnrín ti ń gba sódíọ̀mù (èròjà inú iyọ̀) díẹ̀ padà, tó sì ń fi pọ̀tásíọ̀mù dípò rẹ̀ sínú ìtọ̀. Bí pọ̀tásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ bá wálẹ̀ ju 3.5 mmol/L lọ, ẹsẹ̀ á máa ní pajápajá, ara á rẹ̀, ìgbẹ́ á le, ọkàn lè máa lù ségesège. Ẹni tó ń lo hydrochlorothiazide, chlorthalidone tàbí indapamide nìkan, tí kíndìnrín rẹ̀ sì dá, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, ewébẹ̀ àti omi àgbọn dára fún un.

Moduretic yàtọ̀. Odindi hóró kan ní hydrochlorothiazide 50 mg àti amiloride 5 mg. Ìdajì màmá jẹ́ 25 àti 2.5. Amiloride yẹn ń dí ojú ibi tí pọ̀tásíọ̀mù ti ń bọ́ lọ. Ó ti ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn. Oúnjẹ lásán kò léwu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lójúmọ́ kò sì ṣe nǹkan kan. Kí wọ́n má kàn sọ ife omi àgbọn méjì mẹ́ta di àgbo ojoojúmọ́. Hóró pọ̀tásíọ̀mù bíi Slow-K, àti iyọ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn oníẹ̀jẹ̀ ríru tó jẹ́ pé potassium chloride ló wà nínú rẹ̀, kí wọ́n má fi kún un rárá. Bí losartan tàbí lisinopril bá tún wọlé, tí àwọn náà ń mú pọ̀tásíọ̀mù ró, ó lè fò kọjá 5.5, ìyẹn sì lè dá ọkàn dúró láìsí ìkìlọ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè pààrọ̀ Moduretic sí indapamide bó bá fẹ́ fi ọ̀kan nínú wọn kún un.

Orúnkún ló ká mi lára jù nínú ìbéèrè yín. Ibuprofen, diclofenac, piroxicam, gbogbo wọn ń mú kí kíndìnrín di iyọ̀ mú, wọ́n sì ń ba iṣẹ́ amúnitọ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí ìfúnpá kò gbọ́ oògùn, orúnkún tàbí ìbàdí ló wà nídìí rẹ̀. Bí losartan tàbí lisinopril bá wà pẹ̀lú amúnitọ̀, tí ẹnì kan tún gbé diclofenac lé e, kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Alábùkún náà ní aspirin nínú, kì í ṣe nǹkan ojoojúmọ́. Paracetamol ni kí wọ́n lò, 1 g lẹ́ẹ̀kan, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí wọ́n sì fi òróró ìpara pa orúnkún.

Iyọ̀ ọbẹ̀ ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé ní kó má tó 5 g lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tòun ti èyí tó wà nínú kúùbù magí, búrẹ́dì àti ẹja oníyọ̀. Ẹni tó bá ń da iyọ̀ sí oúnjẹ bó ti wù ú ń ba oògùn rẹ̀ jà, pọ̀tásíọ̀mù tó ń pàdánù á sì tún pọ̀ sí i.

Nọ́ọ̀sìKẹ́hìndé:

Ní ti ààwẹ̀, ẹ rí dókítà ṣáájú Rámàdàn. Bó bá gbà á, ẹ̀yìn ìṣínu ni kí wọ́n lo amúnitọ̀, kì í ṣe nígbà sààrì, kí òǹgbẹ má bàa pa wọ́n nínú oòrùn. Ó lè dín in kù fún oṣù náà. Bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá mú wọn, nínú ààwẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n dá Moduretic dúró títí wọ́n á fi jẹun tí wọ́n á sì mu omi dáadáa fún ọjọ́ kan sí méjì.

Kí wọ́n má fi tipátipá mu omi o. Àwọn kan rò pé bí oògùn bá ń fa omi, kí àwọn máa fi ìgò ńláńlá dí i. Sódíọ̀mù àwọn ìyá àgbà tó ń lo oògùn yìí máa ń já wálẹ̀, pàápàá àwọn tí kò sanra, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọn. Omi àmujù á tún mú un burú sí i. Orí fífọ́, ara tó wúwo, ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí: bí ẹ bá rí wọn, ẹ tètè lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí òǹgbẹ bá ṣe ń gbẹ wọ́n ni kí wọ́n máa mu ún.

Dókítà_Ìdílé:

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà ni E/U/Cr, èyí tó ń wo sódíọ̀mù, pọ̀tásíọ̀mù àti iṣẹ́ kíndìnrín. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn, tàbí tí wọ́n yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, ló yẹ kí wọ́n ṣe é, lẹ́yìn náà ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kí wọ́n wo ṣúgà náà, torí oògùn yìí lè gbé e sókè díẹ̀. Bí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ bá ṣàdédé wú, tó pọ́n, tó ń ro wọ́n lóru, kí wọ́n sọ ọ́, torí oògùn yìí lè mú gout, àrùn oríkèé ríro, wá.

Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀, kí ẹni tó ń gbà á má so apá pẹ́, kó má sì ní kí màmá máa di ìkúùkù kí ó máa tú u. Méjèèjì máa ń gbé pọ̀tásíọ̀mù sókè lórí ìwé láìjẹ́ pé ó ga nínú ara. Bákan náà ni bí wọ́n bá gba ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ tí ó sì wà nínú ìgò títí di ọ̀sán kí ó tó dé láàbù tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ béèrè bóyá ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é àbí ṣe ni wọ́n ń gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń gbé e lọ, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe é fúnra wọn.